Ibi Tí A Ń Gbé Ni Kí A Ti Dìbò

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa, àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé Òkè Ọya, fi ń di ara wa lọ́wọ́ nígbàkigbà tí ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ bá dé. A ó ní ìlú onílùú ni a wà, kí onílùú máa tún ìlú rẹ̀ ṣe. A ó ti ìsọ̀ wa fún ọjọ́ kan, a ó sùn, a ó jí, a ó sì gbọ́ orúkọ alága tuntun lórí rédíò. Mo fẹ́ fi ìtàn ìdìbò káńsù kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá yín sọ̀rọ̀ lórí àṣà yìí, nítorí pé àlejò ni àwọn ènìyàn wa níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn olùdìbò sùn, àti èyí tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n jí, yẹ kí ó kọ́ wa lọ́gbọ́n.

Agbègbè tí mo ń sọ ni Barking àti Dagenham, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Agbègbè 32 ni Lọ́ńdọ̀nù pín sí, yàtọ̀ sí ìlú àtijọ́ tí ó wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní káńsù tirẹ̀, tí àwọn ará àdúgbò ń dìbò yàn ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Káńsẹ́lọ̀ 51 ni ó wà ní ti Barking àti Dagenham. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2021, àwọn tí wọ́n kà níbẹ̀ lé ní 218,000. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, 16 ni ó pe ara rẹ̀ ní aláwọ̀ dúdú ọmọ Áfíríkà, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ láàárín wọn. Ẹni tí ó bá ń rìn ní ọjà Barking kò ní pẹ́ kí ó tó gbọ́ tí wọ́n ń ná gààrí àti ẹ̀wà ní èdè Yorùbá.

Ṣùgbọ́n kí àwọn ènìyàn wa tó dé, àwọn mìíràn ti kọ́kọ́ ṣe àlejò níbẹ̀. Oko ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ Dagenham títí di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Láàárín ọdún 1921 sí 1935 ni ìjọba Lọ́ńdọ̀nù kọ́ ilé tí ó lé ní 25,000 sí Becontree, kí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n há mọ́ra nínú ilé jákujàku ní àárín ìlú lè rí ibi tí ó ní afẹ́fẹ́ àti ọgbà gbé. Ní 1931 ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Ford bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Dagenham, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì rí oúnjẹ òòjọ́ wọn nínú rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n wá ń pe ara wọn ní onílẹ̀ lẹ́yìn náà, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n fi ẹrù lórí dé ni wọ́n.

Nígbà tí ọ̀rúndún yìí fi máa bẹ̀rẹ̀, nǹkan ti yí padà. Òfin ọdún 1980 ti fún àwọn tí ń gbé ilé káńsù ní ẹ̀tọ́ láti ra ilé náà ní ẹ̀dínwó; ọ̀pọ̀ ilé sì bọ́ kúrò lọ́wọ́ káńsù láìsí pé wọ́n kọ́ òmíràn tí ó tó dípò wọn. Ní 2002, Ford dẹ́kun títo ọkọ̀ ní Dagenham, ẹ́ńjìnì ni wọ́n wá gbájú mọ́ níbẹ̀. Owó ilé agbègbè náà kò ga tó ti àwọn ibòmíràn ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí náà àwọn àjèjì rọ́ wá, Yorùbá sì wà láàárín wọn. Ní 2001, nǹkan bí 81 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀ ni òyìnbó ọmọ ilẹ̀ náà. Nígbà tí yóò fi di 2011, wọn kò pé 50 mọ́. Bàbá tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ àti ọmọ tí kò rí ilé gbà wò yíká, ojú tuntun ni wọ́n rí, wọ́n sì di ẹ̀bi ru ojú tuntun.

Inú ìbínú yìí ni ẹgbẹ́ òṣèlú kan tí ń jẹ́ British National Party, tí a mọ̀ sí BNP, gbin irúgbìn rẹ̀ sí. Ẹgbẹ́ náà kò fi pamọ́ pé òun fẹ́ kí àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ará Éṣíà padà sí ibi tí wọ́n ti wá. Wọ́n pín ìwé láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ní ètò ìkọ̀kọ̀ kan wà tí a fi ń fún àwọn ọmọ Áfíríkà ní £50,000 kí wọ́n lè fi ra ilé ní agbègbè náà. Irọ́ pátápátá ni. Kò sí irú ètò bẹ́ẹ̀. Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ kan náà tó dé, ọjọ́ ìdìbò ti dé. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 2006, BNP gba àga 12 nínú 51. Labour gba 38, Conservative gba ẹyọ kan péré. Bí ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ kí àwọn ènìyàn wa wà níbẹ̀ ṣe di ẹgbẹ́ alátakò tí ó tóbi jù nínú káńsù tí ń ṣàkóso ibẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tí ó bá rò pé káńsẹ́lọ̀ méjìlá kò tó nǹkan kò mọ iṣẹ́ káńsù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Káńsù ni ó ń pín ilé ìjọba fún ẹni tí kò ní ibùgbé. Òun ni ó ń gba owó orí ilé, tí ó ń kó ìdọ̀tí, tí ó ń ṣètò àyè fún ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́, tí ó ń ṣe ìtọ́jú arúgbó àti aláàbọ̀ ara. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń gba ilé ẹjọ́ lọ bí wọ́n bá gbà pé òbí kan ń fìyà jẹ ọmọ rẹ̀, a sì mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ba àwọn òbí Yorùbá lẹ́rù níbẹ̀. Bí ìjọ kan bá fẹ́ sọ ilé ìkẹ́rùsí di ilé àdúrà, bí ó ti wọ́pọ̀ láàárín àwọn ìjọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ọwọ́ káńsù ni àṣẹ wà. Àwọn méjìlá náà kò pọ̀ tó láti gba ìjọba, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó níbi tí wọ́n ti ń jíròrò nǹkan wọ̀nyí. Ìyá tí ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìdìbò sì mọ̀ pé nínú àwọn tí òun ń kí lójú ọ̀nà, àwọn kan wà tí wọ́n dìbò pé kí òun máa lọ.

Ta ni ó fi àyè sílẹ̀ fún wọn? Nínú àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé olùdìbò, àwọn tí ó jáde ní ọjọ́ náà kò tó ìdajì. Ó sì tún ku àwọn tí kò forúkọ sílẹ̀ rárá. Títí di òní olónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rò pé ẹni tí ó bá ti gba ìwé ọmọ onílùú nìkan ni ó lè dìbò. Àṣìṣe ńlá ni. Ọmọ orílẹ̀-èdè èyíkéyìí nínú Commonwealth tí ó ti pé ọdún 18, tí ó ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ, ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀ kí ó sì dìbò, ìbáà ṣe ti káńsù, ìbáà ṣe ti ilé aṣòfin. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi físà ọdún kan wọlé lè dìbò. Nọ́ọ̀sì tí ó dé ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn lè dìbò. Ọmọ Amẹ́ríkà kò ní ẹ̀tọ́ yìí, bí ó ti wù kí ó lówó tó. Ọmọ Nàìjíríà ní in. Láti 2023 ni wọ́n ti ń béèrè ìwé ìdánimọ̀ tí ó ní àwòrán ní ibùdó ìdìbò wọn, wọ́n sì ń gba ìwé ìrìnnà Nàìjíríà aláwọ̀ ewé bí wọ́n ti ń gba tiwọn. Ohun tí ó kù ni kí ènìyàn forúkọ sílẹ̀, kí ó sì má ṣe ju ìwé tí káńsù ń kọ sí ojúlé kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún sínú ìdọ̀tí, ìwé tí wọ́n fi ń béèrè àwọn tí ń gbé ibẹ̀.

Ọdún mẹ́rin kọjá. Ní 2010, ìdìbò káńsù àti ti ilé aṣòfin bọ́ sí ọjọ́ kan náà, ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún. Nick Griffin, olórí BNP fúnra rẹ̀, wá du àga aṣòfin ní Barking, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń lérí pé àwọn yóò gba káńsù. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ènìyàn kò sùn. Ẹgbẹ́ alájàpá ìfẹ́ aládùúgbò tí ń jẹ́ HOPE not hate gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí agbègbè náà. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn ẹlẹ́sìn dìde pẹ̀lú wọn. Wọ́n ń kan ìlẹ̀kùn, wọ́n ń bi ènìyàn bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Griffin ṣe ipò kẹta, Margaret Hodge ti Labour sì fi ìbò tí ó lé ní 16,000 na ẹni tí ó tẹ̀lé e. Ní ti káńsù, gbogbo àga méjèèjìlá ni BNP pàdánù. Kò ku ẹyọ kan.

Kí a má ṣe tan ara wa jẹ nípa ohun tí ó fa ìṣẹ́gun yìí. Kì í ṣe pé gbogbo ẹni tí ó dìbò fún BNP ní 2006 ni ó ronú pìwà dà. Àwọn tí wọ́n jókòó sílé ní ìṣáájú ni wọ́n jáde, ìdìbò ilé aṣòfin tí ó bọ́ sí ọjọ́ kan náà sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn náà kò parí sí ayọ̀ nìkan. Labour gba gbogbo àga 51 ní 2010, ó tún gbà wọ́n ní 2014, ní 2018 àti ní 2022. Káńsù tí kò ní alátakò kan ṣoṣo nínú lè gbàgbé láti dáhùn ìbéèrè, ẹni tí ó sì bá ń dìbò fún ẹgbẹ́ kan láti ọdún dé ọdún láìbéèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń padà sun oorun ìṣáájú. Jíjáde lẹ́ẹ̀kan kò tó.

Èmi náà kò yọ ara mi sílẹ̀ nínú ẹ̀bi yìí. Ọmọ àbúrò mi kan ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo bi í bóyá ó ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò káńsù. Ó ní, “Bàbá, ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìyẹn, iṣẹ́ ni mo bá wá.” Mo bá a wí, mo sì ṣe àlàyé òfin fún un. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, ó wá rọra bi mí pé, “Ẹ má bínú o, Bàbá. Níbi tí ẹ̀yin náà wà yẹn, ta ni káńsẹ́lọ̀ yín?”

N kò mọ̀ ọ́n. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbé ìlú yìí. Ibí ni mo kọ́lé sí, ibí ni mo bí àbígbẹ̀yìn mi sí. Orúkọ mi sì wà nínú ìwé olùdìbò ní ìlú bàbá mi, níbi tí n kì í sùn ju ọjọ́ mẹ́ta lọ nínú ọdún kan.

Òfin kò fi tipátipá mú ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin ìdìbò Nàìjíríà sọ pé ọmọ Nàìjíríà tí ó ti pé ọdún 18 lè forúkọ sílẹ̀ níbi tí ó ń gbé, níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, tàbí níbi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Ibi tí ó ń gbé ni òfin náà kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbòmíràn lè bẹ INEC kí wọ́n gbé e wá sí ibi tí ó wà nísinsìnyí, bí àkókò kò bá tíì kọjá. Ìwé òfin ọdún 1999 sì fi ọjà, ibùdókọ̀, ìtẹ́ òkú, kíkó ìdọ̀tí, fífún òpópónà lórúkọ, àti ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ wo bí ó ti kàn wá tó. Bí ọjà bá jóná tí wọ́n tún un kọ́, ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò mọ ẹni tí yóò rí ìsọ̀ gbà. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ náà ni ó ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ wa nígbà tí ó bá ń wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tàbí iṣẹ́ ìjọba. Wọn a ní kí ó lọ gbà á ní ilé bàbá rẹ̀; bí ó bá sì délé, ilé á ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà kan yóò fi dá mi lóhùn. Wọn yóò ní kí n rántí Jos. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ Jos North di rògbòdìyàn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó sì kú, ti onílẹ̀ ti àlejò, ti Mùsùlùmí ti Kìrìsìtẹ́nì. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, a kò lè bá a wí bí ó bá ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé níbi tí a bá ti sọ ìdìbò di ìbéèrè ẹni tí ó ni ìlú, ẹ̀jẹ̀ ni ó máa ń dáhùn. Nítorí náà, bí a bá jáde, kí a jáde gẹ́gẹ́ bí ará àdúgbò tí ó fẹ́ omi, ọ̀nà àti ilé ìwòsàn. Kí a má ṣe jáde bí ẹ̀yà tí ó fẹ́ gba àga. Ní Barking, àwọn ọmọ Áfíríkà kò dá ẹgbẹ́ òṣèlú tiwọn sílẹ̀. Àwọn àti òyìnbó aládùúgbò wọn, àwọn ará Éṣíà, ìjọ àti mọ́sálásí ni wọ́n jọ kọ ìkórìíra. Hausa, Igbo, Nupe àti Tiv tí a jọ ń pọn omi lẹ́nu kànga kan ni alábàárìn wa.

Àwọn mìíràn yóò ní òyìnbó ń ka ìbò, pé níhìn-ín wọ́n ti kọ èsì sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ní òtítọ́ nínú. Àjọ elétò ìdìbò ti ìpínlẹ̀ ni ó ń ṣe ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀, gómìnà ni ó sì ń yan àwọn tí ó wà nínú rẹ̀; ẹgbẹ́ gómìnà a sì máa gba gbogbo àga. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà, pé ìgbìmọ̀ tí aráàlú kò dìbò yàn kò gbọdọ̀ ṣàkóso ìjọba ìbílẹ̀. Ìdájọ́ náà kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Níbi tí ènìyàn mẹ́wàá péré bá ti wá dìbò, ó rọrùn láti kọ igba sílẹ̀. Níbi tí igba bá dúró títí tí a fi ka ìbò tán, tí wọ́n sì fọwọ́ ara wọn kọ èsì sínú ìwé, iṣẹ́ olè á le.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kò dùn, n óò sì sọ ọ́. Nígbà ìdìbò gómìnà ní Èkó ní oṣù kẹta ọdún 2023, wọ́n halẹ̀ mọ́ àwọn olùdìbò kan, wọ́n lé àwọn kan kúrò nídìí àpótí, nítorí pé orúkọ tàbí ìrísí wọn jọ ti Igbo. Àwọn kan nínú wa tí a ń gbé Òkè Ọya gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó ṣe èyí àti àwọn tí wọ́n pín ìwé irọ́ ní Dagenham? A ní Sábó ní Ìbàdàn tí Hausa ń gbé, wọ́n ní Sabon Gari ní Kano tí Yorùbá ń gbé. Ohun tí a bá fẹ́ kí wọ́n ṣe fún wa ní Sabon Gari ni kí a ṣe fún ẹni tí ó wà ní Sábó. Ẹni tí ó bá ń fi ẹnu kan bẹ̀bẹ̀ fún àlejò ní Kano, tí ó ń fi ẹnu kejì lé àlejò ní Èkó, kò ní ẹjọ́ kankan tí yóò rò tí ayé yóò gbọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín sí. Èkíní, kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní ìlú tí kò gbé lọ sí ọ́fíìsì INEC, kí ó béèrè bí yóò ṣe gbé e wá síhìn-ín. Èmi ti lọ béèrè tèmi. Èkejì, kí a pe àwọn tí ó fẹ́ ṣe káńsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa wá sí ìpàdé, ẹgbẹ́ yòówù kí wọ́n jẹ́, kí a bi wọ́n ní ìbéèrè lórí ìsọ̀ ọjà, ìtẹ́ òkú àti ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ wa, kí a sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí olúkúlùkù tí ó ní ọmọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pè é lórí fóònù, kí ó sọ fún un pé ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé tí ó fi wọ ọkọ̀ òfuurufú tó láti fi dìbò. Ṣùgbọ́n kí ó tó pè é, kí ó kọ́kọ́ mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ tirẹ̀, nítorí pé ọmọ náà lè bi í.